Bàtà Tó Ń Jẹ́ Mama

Ní èdè tiwa níbí, lẹ́sẹ̀ òkè tí yìnyín kì í fi sílẹ̀,
bàbá là ń pè ní mama.
Deda ni ìyá.
Àlejò tó bá gbọ́ a rẹ́rìn-ín,
a ní, ta ló dojú ọ̀rọ̀ yín kodò báyìí?
Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nílé.

Keso ọmọ mi ń lọ sí oṣù mẹ́rìndínlógún
lọ́jọ́ tí a hú pòtétò tó kẹ́yìn,
ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀.
Kì í ṣe èmi ló pè.
Bàtà ló pè:
bàtà awọ ńlá tí Badri bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn
kó tó gba Pólàńdì lọ, lọ wa ọkọ̀ àjàgbé.
Ológbò ti jẹ okùn rẹ̀ kan.
Ó rìn tàgétàgé débẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká,
ó ní, "Mama."

Tsiala, ìyá ọkọ mi, fi etí ìborùn nu ojú.
Èmi rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n mo gbé garawa, mo jáde lọ bá màlúù
nígbà tí àkókò omi rẹ̀ kò tíì tó.
Ta ló ń jí lóru? Ta ló ń fi ètè wo ibà níwájú orí ọmọ?
Bàtà!

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìtíì pọ́n.
Puri ni búrẹ́dì; òun ní "pu".
Òṣùpá yọ lórí ilé ìṣọ́ olókùúta, ó ní "pu",
ó tẹ́ ọwọ́ pé ká gé tòun fún òun.
Orúkọ omi lédè wa, òkúta ló kún inú rẹ̀,
tsqali, àgbà àlejò a máa fi ahọ́n kọsẹ̀ níbẹ̀.
Keso ṣa àwọn òkúta náà dànù, ó ní "kali".
Obìnrin nìyẹn túmọ̀ sí.
A rẹ́rìn-ín, a bu omi fún un.

Ó rí èémí ara rẹ̀ nínú òtútù àárọ̀.
Ó fẹ́ mú un, ó yọ́.
Ó fẹ́ mú un lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó wá gbójú sókè wò mí, pé kí n sọ orúkọ rẹ̀.
Mo ronú títí. Mo ní kó wọlé, òtútù ń mú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ojú Badri a yọ nínú fóònù.
A ní, wò ó, mama rèé.
Keso a yẹ ẹ̀yìn fóònù wò, kò sí ẹnìkankan níbẹ̀,
a mi orí,
a nàka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Oṣù kẹta, ọ̀nà là. Badri dé pẹ̀lú irùngbọ̀n.
Ọmọ sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi,
ìka rẹ̀ wọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi bí ẹ̀gún.
Ọkùnrin náà dúró. Kò fipá gbé e.
Ó bọ́ bàtà ìlú òkèèrè, ó ki ẹsẹ̀ bọ ti àtijọ́,
kò lè so ó, ológbò ti jẹ okùn.
Keso wo bàtà.
Ojú rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀: orúnkún, bẹ́líìtì, bọ́tìnnì tó ti já,
irùngbọ̀n, ó dúró níbẹ̀ pẹ́,
kó tó dé ojú.
"Mama?"
Badri jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dáhùn.

Lóru, àwọn méjèèjì ń hanrun bí ẹni dù ú.
Mo ń fẹ́ná nínú ààrò nígbà tí ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ aṣọ:
"Kali."
Mo yíjú padà. Èmi ló ń wò.
Ṣé omi ni, àbí obìnrin?
N kò bèèrè.
Mo bu omi,
mo sì jẹ́ ẹ.